Kí Ẹ Tó Pààrọ̀ Púlọ́ọ̀gì: Ọ̀rọ̀ Ọkọ̀ Tí Kì Í Tètè Sítáàtì Láàárọ̀

Ẹni tó bá ti lo ọkọ̀ tòkúnbọ̀ pẹ́ nílẹ̀ yìí mọ àìsàn tí mo fẹ́ sọ. Ẹ ó yí kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀, kick starter á máa yí, á máa yí, ẹ́ńjìnnì ò ní gbà. Ẹ ó sinmi díẹ̀, ẹ ó tún yí i, á wá gbà tipátipá, gbogbo ara ọkọ̀ á sì máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà dá dúbúlẹ̀. Ọwọ́ aago tó ń ka ìyípo ẹ́ńjìnnì á fò dé 1,200, á já wálẹ̀ sí 500, á tún fò sókè. Bí ẹ bá wá wọ inú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ìwó Road, tí ẹ tan AC, ó ti kú nìyẹn, àwọn tó wà lẹ́yìn yín á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè.

Èyí tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ náà ni owó tí àwọn èèyàn ń ná sí i. Wọ́n á ra púlọ́ọ̀gì, wọ́n á ra kọ́ìlì tó ń fún púlọ́ọ̀gì ní iná, wọ́n á fọ nọ́sùlù tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì, wọ́n á ra pọ́ǹpù epo. Bó bá yá, ẹnì kan á ní brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ló ti bàjẹ́. Owó á tán lápò, ọkọ̀ á ṣì máa gbọ̀n, nítorí pé kò sẹ́ni tó wò ó kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

Mi ò di ẹ̀bi yẹn ru mẹkáníìkì nìkan. Àwa tá a ni ọkọ̀ kì í sanwó wíwò. Ẹni tó bá fi gbogbo àárọ̀ tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, tó fi mítà wọn iná, tó wá rí i pé rọ́bà kékeré kan tó ti ya ló fa wàhálà, a ó ní, "Ọ̀gá, ṣebí rọ́bà lásán lẹ pààrọ̀, èló lẹ wá fẹ́ gbà?" Ẹni tó bá sì tú pọ́ǹpù jáde láìwádìí, tó gbé èyí tó gbó lé wa lọ́wọ́ tòun ti ìdọ̀tí ara rẹ̀, a ó sanwó fún un, a ó tún kí i pé ó kú iṣẹ́. Nígbà tó jẹ́ pé pípààrọ̀ la ń sanwó fún, pípààrọ̀ náà ni wọ́n á máa ṣe.

Ọkọ̀ tí mo fẹ́ fi ṣàlàyé ni Toyota Corolla 2003 tí bàbá mi ń lò, èyí tó ní ẹ́ńjìnnì 1.8 tí Toyota pè ní 1ZZ-FE, tí wọ́n kó wọlé láti Amẹ́ríkà. Irú rẹ̀ pọ̀ nígboro Ìbàdàn. Ìgbà ọyẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Kí n tó débẹ̀, ìmọ̀ràn ti pọ̀ nílẹ̀: aládùúgbò kan ní kí wọ́n yí púlọ́ọ̀gì, ríwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ní kí wọ́n pààrọ̀ kọ́ìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹnì kan tí wọ́n jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní kí wọ́n da oògùn tí wọ́n fi ń fọ nọ́sùlù sínú táǹkì. Kò sí ìkankan nínú wọn tó bèèrè ìgbà tó máa ń ṣe é.

"Bàbá, ìgbà wo gan-an ló máa ń yọ yín lẹ́nu?"

"Àárọ̀ ni. Tó bá ti rìn díẹ̀ tó gbóná, o ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é, àfi tí mo bá tan AC."

"Tí ẹ bá pa á lọ́sàn-án, tí ẹ tún fẹ́ sítáàtì rẹ̀ ńkọ́?"

"Ojú ẹsẹ̀ ló ń gbà. Ṣùgbọ́n tí mo bá pa á tì di ìrọ̀lẹ́, wàhálà."

Ìdáhùn yìí níye lórí ju páálí púlọ́ọ̀gì kan lọ. Kọ́ìlì tó fẹ́ kú sábà máa ń fi ara hàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná tàbí tó bá ń gun òkè. Àìsàn tó jẹ́ pé òtútù nìkan ló mọ̀, tí ooru sì ń wò ó sàn, ibòmíràn ló yẹ ká ti wá a: ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò wọlé, ohun tó ń darí slow (ìyípo ẹ́ńjìnnì nígbà tí ẹ ò bá tẹná), sẹ́ńsọ̀ tó ń sọ bí omi ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná sí, tàbí epo tó ń sá padà sí táǹkì nígbà tí ọkọ̀ bá ti sùn.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ẹ jẹ́ ká wo bí slow ṣe ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ẹ ò bá tẹná, ìlẹ̀kùn tó wà nínú throttle, ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, a fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé tán. Afẹ́fẹ́ tó kù tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí gba ọ̀nà tóóró kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀nà yẹn sì ní ìdérí kékeré tí iná ń yí, tí wọ́n ń pè ní IAC. Brain box ló ń pàṣẹ fún un. Tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, á ṣí i gan-an kí ìyípo lè ga; bó ṣe ń gbóná, á máa pa á dé títí tí slow á fi wà ní nǹkan bí 700 ní ìṣẹ́jú kan. Tí ẹ bá tan AC, á tún ṣí i díẹ̀ kí ẹrù yẹn má baà pa ẹ́ńjìnnì. Sẹ́ńsọ̀ kan wà lẹ́yìn fíltà afẹ́fẹ́ tó ń wọn gbogbo afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, brain box á sì fún un ní epo tó bá a mu, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ 14.7 sí ìwọ̀n epo kan. Afẹ́fẹ́ tó bá wá yọ́ wọlé lẹ́yìn sẹ́ńsọ̀ yẹn, kò sí nínú ìṣirò. Epo á kéré sí i, ẹ́ńjìnnì á máa wá ìyípo rẹ̀ kiri, kò ní rí i mú.

Nígbà ayé Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ wọn pọ̀ ní Kàdúná ní 1975, kabúrétọ̀ ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí. Sukúrúù slow wà lára rẹ̀. Mẹkáníìkì á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á fi sikurudíráfà yí i díẹ̀díẹ̀, á máa gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì títí tí á fi dọ́gba. Etí tó mọṣẹ́ ni, mi ò sì jẹ́ fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ láé. Mo ti rí àgbà mẹkáníìkì tó dúró lẹ́yìn ọkọ̀, tó fi ohùn tó ń ti sàlẹ́ǹsà jáde nìkan sọ pé púlọ́ọ̀gì kan ò ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n àṣà sukúrúù yẹn ti bá wa dé orí ọkọ̀ tí kò ní kabúrétọ̀. Sukúrúù kan wà lára throttle Corolla tó dà bí ti slow, àmọ́ kì í ṣe tirẹ̀: iléeṣẹ́ ti tò ó, iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kí ìlẹ̀kùn má baà há lọ. Bí ẹ bá yí i, slow á ga, oníọkọ̀ á rò pé ara rẹ̀ ti yá, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò á sì wà níbẹ̀. Nígbà tí mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ bàbá mi, orí sukúrúù yẹn ti ha, irin rẹ̀ ń dán níbi tí ẹnu sikurudíráfà ti yọ̀ lára rẹ̀. Ẹnì kan ti fi í bo àìsàn náà mọ́lẹ̀ rí nìyẹn.

Ó dára tó jẹ́ pé ọkọ̀ yìí lè fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Láti ọkọ̀ ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí gbogbo ọkọ̀ akérò kékeré tí wọ́n bá ń tà níbẹ̀ ní ojú ihò OBD-II, èyí tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù nítòsí orúnkún awakọ̀. Ẹ ó ki ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní sìkánà bọ̀ ọ́, á sì máa bá fóònù sọ̀rọ̀. Kò wọ́n tó púlọ́ọ̀gì mẹ́rin tó dára. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ṣe kò ju kí wọ́n ka kóòdù, kí wọ́n pa iná check engine, kí wọ́n gba owó lọ. Kóòdù tiwa ni P0171, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni àwọn kan máa ń sáré lọ Agodi Gate tàbí Ládípọ̀ láti ra sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn. Sẹ́ńsọ̀ tó ń jábọ̀ fún wa pé afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù la fẹ́ gbé sọnù yẹn!

Ibi tí ọrọ̀ wà nínú sìkánà ni ohun tí wọ́n ń pè ní fuel trim. Òun ló ń sọ iye epo tí brain box ń bù lé ìṣirò rẹ̀ tàbí tó ń yọ kúrò. Tí ó bá ń lọ sókè sódò nítòsí òdo, ara le. Ní slow, láàárọ̀, tiwa wà ní +24 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tí mo ro àtúnṣe ẹsẹ̀kẹsẹ̀ àti ti ọlọ́jọ́ pípẹ́ pọ̀. Mo ní kí bàbá mi tẹná díẹ̀ kó dúró ní 2,500. Ó wálẹ̀ sí +5. Ìdí rẹ̀ rèé: ní slow, afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń mí kéré, nítorí náà èyí tó ń jò wọlé kó ìpín tó pọ̀ nínú rẹ̀. Tí ẹ bá tẹná, afẹ́fẹ́ gidi á pọ̀, ti olè á wá kéré. Ká ní ńṣe ló ń ga sí i bí a ṣe ń tẹná ni, à bá máa wo pọ́ǹpù, fíltà epo, tàbí sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ tí eruku ti bò. Nọ́ńbà méjì péré ló lé púlọ́ọ̀gì, kọ́ìlì àti brain box kúrò nínú ẹjọ́ náà, a ò sì tíì tú nǹkan kan.

Sìkánà yẹn náà ló fi ohun kan hàn tí kò sẹ́ni tó ń wá a. Lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, tí ọkọ̀ ń sáré dáadáa, omi ẹ́ńjìnnì ò kọjá 70°C. Tẹ́mósítáàtì ẹ́ńjìnnì yìí, ìdérí tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná, 82°C ló ń ṣí. Ó yẹ kí omi rẹ̀ gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. A tú ilé tẹ́mósítáàtì, òfìfo la bá. Wọ́n ti yọ ọ́ dànù.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Káàkiri ilẹ̀ wa ni wọ́n ti ń yọ tẹ́mósítáàtì nítorí pé ọkọ̀ ń gbóná jù, wọ́n á ní òyìnbó ló nílò rẹ̀ nítorí òtútù ìlú wọn. Irọ́ ni. Rédíétọ̀ tó ti dí, fáànù tí kò yí, pọ́ǹpù omi tó ti jẹ, tàbí omi ẹ̀rọ lásán tí wọ́n ń dà sí i dípò coolant ló ń mú ọkọ̀ gbóná jù. Tẹ́mósítáàtì ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tètè dé ibi ooru tó yẹ kó sì dúró síbẹ̀. Tí kò bá sí níbẹ̀, brain box á máa rò pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni, á máa fún un ní epo àfikún, slow á máa ga, òróró ẹ́ńjìnnì á sì tètè dọ̀tí. Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti kúrò ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, mi ò mọ ẹni tó tún lè fara da kí epo máa ṣòfò lórí irin tí kò tó àtẹ́lẹwọ́.

Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé ló kù. Mẹkáníìkì tí mo pè jẹ́ ọ̀dọ́, ó ní sùúrù, ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ràn lára rẹ̀. Ọkọ̀ sùn mọ́jú kó tó fọwọ́ kàn án. Ó sítáàtì rẹ̀, ó mú agolo oògùn tí wọ́n fi ń fọ kabúrétọ̀, ó sì ń fín in díẹ̀díẹ̀ sí ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan: ẹnu rọ́bà, ìdí throttle, páìpù tó lọ sí búréèkì. Oògùn yẹn lè gbiná o, kò gbọdọ̀ dé ara sàlẹ́ǹsà tó gbóná tàbí wáyà tó ń ta iná, kí ẹ sì gbé ohun ìpaná sí tòsí. Kò sí ìyàtọ̀ níbikíbi títí tó fi dé ibi tí intake oníke, páìpù tó ń pín afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, ti wọ ara orí ẹ́ńjìnnì. Bó ṣe fín in sí ìdí ihò kejì báyìí, gbígbọ̀n náà dúró wẹ́rẹ́, ìyípo ga, ohùn rẹ̀ dọ́gba. Nígbà tí oògùn gbẹ, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Gásíkẹ́ẹ̀tì rọ́bà tó wà láàárín àwọn méjèèjì ló ti darúgbó. Àwọn tó mọ ẹ́ńjìnnì yìí mọ̀ ọ́n mọ́ àrùn náà. Nígbà tá a yọ ọ́, mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́, kò wọlé rárá. Ó ti le, ó ti pẹlẹbẹ, kò yọrí kọjá ojú kòtò tó jókòó sí mọ́. Tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, á fẹ̀ díẹ̀, á dí ihò yẹn. Nígbà òtútù, á sún kì, afẹ́fẹ́ á gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọyẹ́ ló tú àṣírí rẹ̀. Mo tiẹ̀ gbà pé àìsí tẹ́mósítáàtì dá kún un, nítorí ẹ́ńjìnnì náà kì í gbóná tán. A fi tuntun sí i, a fọ throttle àti IAC tí èédú dúdú ti bò lẹ́nu, a dá sukúrúù yẹn padà, a fi tẹ́mósítáàtì sí àyè rẹ̀. Fuel trim wálẹ̀ sí +3. AC ń ṣiṣẹ́, slow ò mira.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ṣì ń pẹ́ kó tó sítáàtì láàárọ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń bínú, tí wọ́n á ní iṣẹ́ tí wọ́n ṣe kò jẹ́. Ọkọ̀ tó ti lé ní ogún ọdún lè ní àìsàn méjì tí wọn ò bá ara wọn tan.

A kọ́kọ́ wo bátìrì torí pé òun ló rọrùn jù: ní ìsinmi ó wà ní fóòtì 12.6, nígbà tí kick starter ń yí kò lọ sísàlẹ̀ fóòtì 10. Kò sí ẹjọ́ níbẹ̀. Ó wá kan epo. Mẹkáníìkì já páìpù epo, ó fi géèjì tó ń wọn ipá tí epo fi ń tì sí i. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ó kà 46 psi, èyí tó wà láàárín 44 sí 50 tí Toyota fẹ́. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ìwé Toyota ní lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ó yẹ kó ṣì ku 21 ó kéré tán. Ojú wa níbẹ̀ ló ṣe já wá sí òdo. Ó yọ púlọ́ọ̀gì wò, gbogbo wọn gbẹ, kò sí òórùn epo lára wọn, nítorí náà nọ́sùlù kọ́ ló ń jò. Ìdérí kékeré tó wà nínú pọ́ǹpù, tí kì í jẹ́ kí epo padà sí táǹkì, ló ti jẹ. Láàárọ̀, pọ́ǹpù ní láti kọ́kọ́ kún páìpù kó tó kan nọ́sùlù. Lọ́sàn-án, páìpù ò tíì gbẹ tán, ìdí nìyẹn tó fi ń gbà lójú ẹsẹ̀.

Pọ́ǹpù yẹn ṣì ń fa epo dáadáa. Mo sọ fún bàbá mi pé wọ́n lè máa lò ó bẹ́ẹ̀ títí owó ojúlówó á fi dé ọwọ́, nítorí pọ́ǹpù ayédèrú tuntun burú ju ògbólógbòó tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ. Ohun kan ṣoṣo tí mo bẹ̀ wọ́n ni pé kí wọ́n má jẹ́ kí táǹkì máa gbẹ. Inú epo ni pọ́ǹpù ń gbé, epo náà ló ń mú un tutù. Àti pé kí wọ́n kíyè sí ibi tí wọ́n ti ń ra epo. Kò sẹ́ni tó tíì gbàgbé oṣù Kejì 2022, nígbà tí àjọ tó ń rí sí epo fẹnu ara rẹ̀ sọ pé epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ pọ̀ jù ti wọ ọjà. Tí gbígbọ̀n bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì tí ẹ ra epo, epo ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Nígbà tá a parí, mo bi mẹkáníìkì náà pé èló ni owó rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, gásíkẹ́ẹ̀tì àti tẹ́mósítáàtì nìkan la fi sí i. Ohun tí ẹ bá ní náà ni kí ẹ mú wá."

"Àbúrò, owó wíwò ni mò ń bi ọ́. Gbogbo àárọ̀ tó o fi wá a ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín, kò mọ iye tí ì bá pè. Ẹnikẹ́ni ò bi í bẹ́ẹ̀ rí. A jọ sọ ọ́, a fẹnu kò, mo sì san án lọ́tọ̀ sí owó iṣẹ́. Ní báyìí, tí mo bá rán ẹnì kan sí i, ó ti mọ bó ṣe ń sọ ọ́: wíwò ní owó tirẹ̀, àtúnṣe ní owó tirẹ̀. Àwọn kan ń bá a jà lórí rẹ̀. Àwọn kan sì ti rí i pé ó ń dín owó sípíàpáàtì wọn kù.

Bí ẹ bá ní ọkọ̀ tó ń ṣe bíi tiwa, ẹ má wà á lọ bá mẹkáníìkì láàárọ̀. Kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á ti gbóná, àìsàn á ti sá pamọ́, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í méfò. Ẹ gbé e lọ ní ìrọ̀lẹ́, kó sùn sí ọgbà rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún un pé kò gbọdọ̀ yí kọ́kọ́rọ́ kí ẹ tó dé. Ẹ dúró tì í nígbà tó bá máa sítáàtì rẹ̀, kí sìkánà ti wà lójú ihò rẹ̀ kí kọ́kọ́rọ́ tó yí, kí ẹ sì ti bá a dúnàá-dúrà owó wíwò kó tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.